Ta ló rán yín wá?

Ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n fún mi láti sọ̀rọ̀ ní míítìn ICANN, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ orúkọ ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago kan wà lójú skíríìnì ńlá tó wà níwájú, ó ń kà wálẹ̀, 1:59, 1:58, gbogbo èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn ló ń wò ó, èmi náà ń wò ó dípò kí n máa wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi. Òfin ibẹ̀ ni pé kéèyàn tó sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ dárúkọ ara ẹ̀, kó sì sọ ẹni tó ń ṣojú fún. Ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta dómèènì lòun ń ṣojú fún. Ẹni tó ṣáájú ìyẹn, lọ́yà ni, ó dárúkọ oníbàárà ẹ̀, ó sọ tẹnu ẹ̀, ó lọ jókòó. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ, mo wá ní, "mò ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo àwọn tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì." Ó dùn létí, àbí? Mo kà á lọ bí ẹni ń ki oríkì, aago di òdo, wọ́n pa maíìkì, mo padà síbi ìjókòó mi, inú mi ń dùn.

Ìgbà tá a jáde lọ mu tíì ni lọ́yà yẹn wá bá mi. Kò bú mi o, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dáa, ó wọ òun létí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan péré lòun ní.

"Ta ló rán yín wá?"

Ẹ̀yin tèmi, mo lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo ti wà ní oríṣiríṣi míítìn lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, láago tí àwọn tó lórí pípé ti sùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ ibi tí mò ń bọ̀. Dómèènì ni orúkọ tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìkànnì kan, èyí tó máa ń parí sí .com tàbí .org tàbí .net. Ẹnì kan ló ń tọ́jú ìwé ńlá tí gbogbo orúkọ tó parí sí .com wà nínú ẹ̀, Verisign nìyẹn, ẹlòmíì ló ń tọ́jú ti .org, àwọn alágbàtà wá wà láàárín tí wọ́n ń tà á fún wa, àwa sì ni ẹni tó ń sanwó. Mo ní ẹni tó ń sanwó o, mi ò ní ẹni tó ni ín, torí pé ká sọ tòótọ́, kò sẹ́ni tó ń ra dómèènì, a kàn ń háyà ẹ̀ ni, wọn ò sì lè háyà ẹ̀ fún ẹ ju ọdún 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Lókè gbogbo wọn ni ICANN wà. California ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1998, ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ni lábẹ́ òfin ibẹ̀. Òun ló ń bá àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtàwọn alágbàtà ṣe kọ́ńtíráàtì, òun ló sì ń sọ ohun tó máa wà nínú kọ́ńtíráàtì yẹn. Nígbà kan ìjọba Amẹ́ríkà ṣì di ìdí iṣẹ́ yìí mú, October 1, 2016 ni wọ́n yọwọ́ pátápátá. Ta wá ló ń ṣọ́ ICANN? Wọ́n ní "àwùjọ" ni. Àwùjọ wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó jókòó yí tábìlì ká. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ní àga tiwọn, àwọn alágbàtà ní tiwọn, àwọn oníṣòwò ńlá ní tiwọn, àwọn lọ́yà tó ń ṣọ́ àmì ọjà ní tiwọn, àwọn tó ń pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì náà ní tiwọn. Ìjọba kárí ayé ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní GAC. Tiwa, ilẹ̀kùn méjì ni. Èkíní ni NCSG, ìyẹn àwọn tí kì í ṣòwò, àwọn ló máa ń jà fún ẹni tó fi orúkọ ara ẹ̀ gba dómèènì, fún òmìnira láti sọ̀rọ̀, fún àṣírí èèyàn. Wọ́n ní àga 6 nínú ìgbìmọ̀ GNSO tó ń ṣòfin lórí .com àti irú ẹ̀. Èkejì ni ALAC, ti ẹni tó kàn ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ tí ò ní dómèènì kankan. Èèyàn 15 ló wà níbẹ̀, ẹkùn 5 ni wọ́n pín ayé sí, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń mú èèyàn 2 wá, ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn á wá mú 5 tó kù. Wọ́n lè gba ICANN nímọ̀ràn lórí ohunkóhun, wọ́n sì ń yan ẹnì kan sínú bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn náà ni, kì í ṣe àṣẹ.

Ohun tí ìwé ò ní sọ fún yín ni pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti wà níbẹ̀ àti ẹni tó tibi iṣẹ́ dé kó tó wọlé síbẹ̀, wọn ò lè rí bákan náà láago 2 òru. Mo rántí òru kan tá a lo wákàtí kan àtààbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé ká kọ ọ́ pé alágbàtà "gbọ́dọ̀" ṣe báyìí báyìí, àbí ká kọ ọ́ pé "ó yẹ kó" ṣe é. Ẹ rín tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìjà ibẹ̀ nìyẹn, torí "gbọ́dọ̀" ni wọ́n lè fi mú èèyàn, "ó yẹ kó" kò mú ẹnikẹ́ni. Àwọn alágbàtà ní èèyàn mẹ́ta lórí ìpè yẹn, bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀ tán èkejì á gbà á. Nígbà tó yá mo pa kámẹ́rà mi, mo ní kí n gbórí lé tábìlì díẹ̀. Ìgbà tí mo máa ta jí, "ó yẹ kó" ti wọlé, wọ́n ti bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn, alága ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò. Kò sẹ́ni tó fi màgòmágó ṣe é o. Oorun ló gbé mi lọ.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tá ò kàn dìbò? Wọ́n ti dìbò rí. Ní 2000, ICANN ní kí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀, èèyàn tó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 150,000, nǹkan bí 34,000 ló dìbò nígbẹ̀yìn, wọ́n sì mú èèyàn 5 wọnú bọ́ọ̀dù, ẹnì kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Nii Quaynor ló wọlé fún Áfíríkà. Yúróòpù mú Andy Mueller-Maguhn, ọmọ Jámánì, ọmọ ẹgbẹ́ Chaos Computer Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn hákà, ẹ ò rí i pé ìgbà yẹn aráàlú ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Àríwá Amẹ́ríkà mú Karl Auerbach. Auerbach dé inú bọ́ọ̀dù, ó ní òun fẹ́ wo ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀dù, wọ́n ní àfi tó bá gba àwọn ìlànà kan tí wọ́n là sílẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù ní California, kóòtù sì dá a láre ní 2002. Ẹni tí aráàlú fi ìbò gbé wọlé ló ní láti pe ẹjọ́ kó tó rí ìwé kà! Ọdún yẹn náà ni ICANN tún ilé ẹ̀ tò, ìdìbò di ohun ìgbàgbé, ALAC ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Mi ò mọ bóyá kí n bínú sí ìyẹn tàbí kí n má bínú. Èèyàn 34,000 nínú gbogbo ayé, ká sòótọ́, kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní lọ́yà tó wá bá mi nídìí tíì yẹn bi Auerbach pé ta ló rán an wá, ó ní nọ́ńbà tó lè kà fún un.

Ẹ má rò pé ALAC ò ṣe nǹkan kan o. Ó ṣe, àwọn nǹkan tó ṣe ni ò pariwo. Ẹ gbọ́ èyí. Tó o bá gba dómèènì lónìí, ọjọ́ 5 wà tí alágbàtà lè fi dá a padà kí wọ́n sì dá owó padà fún un, wọ́n ṣe é torí àṣìṣe, bóyá ẹnì kan kọ orúkọ tí lẹ́tà kan fò nínú ẹ̀. Làwọn kan bá rí ihò síbẹ̀. Wọ́n á gba orúkọ lọ́pọ̀ yanturu, orúkọ tó jọ ti ilé-iṣẹ́ ńlá, orúkọ tí èèyàn máa ń ṣì tẹ̀, wọ́n á fi ìpolówó sórí gbogbo ẹ̀, wọ́n á wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin bóyá èèyàn ń ṣèèṣì dé ibẹ̀, èyí tó bá mówó wá wọ́n á mú un, gbogbo ìyókù wọ́n á dá a padà, owó wọn á pé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Títọ́ orúkọ wò ni, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò láì ní í sanwó oúnjẹ. ALAC ló ní kí wọ́n wádìí ẹ̀ ní 2007. Nígbà tí ICANN wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí èyí tó bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ nínú àwọn tí wọ́n ń dá padà, tí òfin tó lágbára sì tẹ̀ lé e, iye orúkọ tí wọ́n ń dá padà láàárín ọjọ́ 5 yẹn já wálẹ̀ ní ìdá 99.7 nínú 100 láàárín June 2008 sí April 2009. Ọ̀rọ̀ ICANN fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ta ló gbọ́? Ta ló dúpẹ́? Òwò kan kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òwò yẹn wà rí.

Èkejì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà tí mo máa ń ràn lọ́wọ́, iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe. Ọmọkùnrin kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà kan ló bá wọn gba dómèènì, ímeèlì ara ẹ̀ ló sì fi gbà á. Ó kúrò, kò bínú, ó kàn ríṣẹ́ síbòmíì. Ọdún pé, alágbàtà kọ ímeèlì ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ó kọ òmíràn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó tún kọ ọ̀kan lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá, gbogbo ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ yẹn tí kì í ṣí ímeèlì yẹn mọ́. Lójijì ìkànnì kú. Ìyá tó jẹ́ alága wọn pè mí, ó ń gbọ̀n, ó ní alágbàtà ti ṣe wọ́n níkà, ó ní wọn ò tiẹ̀ kìlọ̀, wọ́n kàn já wáyà. Mo ní mà, ẹ fara balẹ̀. Wáyà tí wọ́n já yẹn gan-an ló gbà yín. Òfin wà pé kí orúkọ tó kọjá ọjọ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, alágbàtà gbọ́dọ̀ dá ọ̀nà ẹ̀ dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹni tí ímeèlì ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lè fojú rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá tiẹ̀ pa orúkọ náà rẹ́, ọjọ́ 30 ṣì wà tí èèyàn fi lè rà á padà. A rà á padà. Owó tí wọ́n gbà ju owó ọdún kan lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, mi ò ní parọ́, ó dùn wá, ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ pípẹ́ ò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi orúkọ òkú ṣòwò.

August 31, 2013 ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? ALAC, wọ́n ti ń bá a bọ̀ láti 2008. Ọdún márùn-ún gbáko kí ìmeèlì mẹ́ta àti ọjọ́ 30 tó di dandan fún gbogbo alágbàtà. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá alága, ó ní "ọmọ mi, ṣáà bá mi yí ímeèlì yẹn padà."

Ṣé ẹ rí ohun tí nǹkan méjèèjì yẹn fi jọra? Kò sẹ́ni tó dìde tó ní "ire aráàlú, ire aráàlú." Wọ́n nawọ́ sí ibi tó ń dun èèyàn, wọ́n ní ibí ni, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé, ọjọ́ mélòó, ẹlẹ́ẹ̀lòó, ta ló ń jèrè ẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká dé ibi tó le. Aráàlú gan-an, ta ni? Nígbà kan, tó o bá gba dómèènì, orúkọ rẹ, àdírẹ́sì rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ àti ímeèlì rẹ ló máa hàn sí gbogbo ayé nínú ohun tí wọ́n ń pè ní WHOIS. Àwọn NCSG pariwo lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ń lù ú, akọ̀ròyìn tó ń kọ nípa àwọn alágbára, kí ló dé tí àdírẹ́sì wọn á fi wà níta gbangba? Àwọn tó ń bójú tó àṣírí èèyàn ní Yúróòpù náà ń kọ lẹ́tà sí ICANN. Ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀, ìwádìí lórí ìwádìí, ibi tó wà náà ló wà. Yúróòpù wá ṣe òfin GDPR tó ń bo àṣírí èèyàn, ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 20 yúrò tàbí ìdá 4 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. May 25, 2018 ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn. Bọ́ọ̀dù ICANN fọwọ́ sí ìlànà tó fi nǹkan bo àdírẹ́sì àwọn èèyàn ní May 17. Ọjọ́ 8 péré! Ohun tí ò ṣeé ṣe fún nǹkan bí ọdún 15, ó di ṣíṣe nígbà tí owó ìtanràn yọjú. Ó bí mi nínú títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá jókòó láti ṣe òfin tó máa dúró, lórí ẹni tó lè bèèrè àdírẹ́sì yẹn àti bó ṣe máa gbà á, NCSG àti ALAC, ilẹ̀kùn méjèèjì tó jẹ́ tiwa, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síra wọn. NCSG ní kí wọ́n bo àṣírí ẹni tó ni dómèènì. ALAC ní ẹni tó ni dómèènì kéré lóǹkà sí ẹni tó kàn ń tẹ lìǹkì, ẹni tí wọ́n fi ìkànnì ayédèrú jí owó ẹ̀ ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa mú olè tí ò bá sí ọ̀nà láti mọ ẹni tó gba orúkọ yẹn? Mo jókòó, mo gbọ́ ti NCSG, mo ní òótọ́ ni. Mo gbọ́ ti ALAC, mo ní òótọ́ nìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ kan náà tún yọjú nígbà tí kọ́ńtíráàtì yí padà ní April 2024, tó di dandan fún alágbàtà láti ṣe nǹkan sí dómèènì tí wọ́n bá rí ẹ̀rí pé olè fi ń jalè tàbí pé ó ń tan fáírọ́ọ̀sì ká. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe pa gbogbo ìkànnì kan nítorí ojú ewé kan ṣoṣo tí ẹlòmíì já wọ̀, kò ní pàtẹ́wọ́ jù. Ẹni tó bá wá ní òun ń sọ̀rọ̀ fún aráàlú, èyí tó tẹ lìǹkì ni àbí èyí tó ni ìkànnì? Ìgbà mìíràn ẹnì kan náà ni, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ .org ló là mí lójú jù. Láti 2003 ni Public Interest Registry, PIR, ti ń tọ́jú .org, Internet Society ló ni PIR, àwọn méjèèjì kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè. Kọ́ńtíráàtì PIR sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi owó lé e ju ìdá 10 nínú 100 lọ lọ́dún. Ní 2019 wọ́n fẹ́ ṣe kọ́ńtíráàtì tuntun, gbèdéke owó yẹn ò sí nínú ẹ̀ mọ́. ICANN ní kí aráyé wá sọ tẹnu wọn, ìwé tó wọlé lé ní 3,000, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ pátápátá ló ní rárá o. Mo kọ tèmi, ojú ewé 4, mo fi òwe sí i, mo fi ìtàn sí i, mo bínú dáadáa. June 30 wọ́n buwọ́ lù ú bó ṣe wà. Nígbà tí àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn jáde, mo wá tèmi tì.

Kò tó oṣù 5 lẹ́yìn ẹ̀, ní November, Internet Society ní òun fẹ́ ta PIR fún Ethos Capital, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń fi owó wá owó, $1.135 bílíọ̀nù. Orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 10, gbogbo àwọn ilé ìwòsàn aláàánú, ilé ìkàwé, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́, ká gbé gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó gbọ́dọ̀ jèrè. Ariwo sọ, January 2020 àwọn èèyàn gbé pátákó dúró níwájú ọ́fíìsì ICANN ní Los Angeles. Mo rò pé bíi ti àkọ́kọ́ ló máa rí, wọ́n á gbọ́ tán wọ́n á buwọ́ lù ú.

Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àwọn kan ti lọ ka kọ́ńtíráàtì. Ìlà kan wà níbẹ̀ pé bí ẹni tó ni PIR bá fẹ́ yí padà, àfi kí ICANN fọwọ́ sí i. Ìlà kan péré o. Wọ́n tún rántí pé ICANN fúnra ẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú ni lábẹ́ òfin California, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yẹn ló sì ń ṣọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí i. April 15, 2020, Xavier Becerra tó wà nípò yẹn nígbà náà kọ lẹ́tà sí ICANN pé kí wọ́n má gbà. Wọ́n tún wo ìṣirò owó náà, wọ́n rí i pé gbèsè $360 mílíọ̀nù ló máa wà lọ́rùn PIR lẹ́yìn títà, gbèsè tí owó .org ló máa san án. April 30, bọ́ọ̀dù ní rárá.

Àwa kan náà la pariwo lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́ẹ̀kíní, a wúwo ní iye, a ò mú nǹkan kan dání. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Gbèdéke owó yẹn ò sì padà wá o, kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló yanjú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ìjà yẹn, kò sẹ́ni tí ò sọ pé ire aráàlú lòun ń wá. Ó wà nínú ìwé òfin ICANN, ó wà nínú orúkọ PIR, torí "ire aráàlú" ni Public Interest, Ethos náà ṣèlérí ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Amazon ní òun fẹ́ .amazon ní 2012, Brazil, Peru àtàwọn orílẹ̀-èdè tó yí odò náà ká ní orúkọ ilẹ̀ àwọn ni, ire àwọn èèyàn àwọn ló kàn. Ọdún 7 ni wọ́n fi fà á kí ICANN tó gbà pé kí ó tẹ̀ síwájú fún ilé-iṣẹ́ náà. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "ire aráàlú" báyìí, kálámù ni mò ń wá, kí n kọ nǹkan tó máa sọ tẹ̀ lé e.

Àwọn tí ò sí níbẹ̀ rárá ńkọ́? Ọdún 2012 yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba ohun tó wà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀, bíi .kiní kan, $185,000 ló máa san kí wọ́n tó wo ìwé ẹ̀. Ìwé 1,930 ló wọlé, 17 ló wá láti gbogbo Áfíríkà. Wọ́n ní ètò ìrànwọ́ fún ẹni tí ò lówó, èèyàn 3 ló bèèrè, ẹyọ kan ni wọ́n fún. Ní ti abala tuntun ti 2026, owó ẹ̀ ti di $227,000. Àwọn kan jà kí ètò ìrànwọ́ ti báyìí nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo mọ díẹ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Èmi ṣá, mo yíwà padà. Kí n tó lọ sí míítìn báyìí, mo máa ń pe àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ní dómèènì, ìyá alága yẹn wà nínú wọn. Mi ò bi wọ́n pé kí ni èrò yín nípa ìlànà báyìí báyìí, torí ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Mo máa ń bi wọ́n pé: ímeèlì ta ni dómèènì yín wà lórí ẹ̀? Ìgbà wo lẹ wọlé síbẹ̀ kẹ́yìn? Ta lẹ máa pè tó bá kú lọ́la? Ohun tí mo ń gbọ́ níbẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan.

Ìgbà tí mo tún dé ìdí maíìkì, mo dárúkọ, mo ní ẹgbẹ́ mẹ́fà ló rán mi, mo dárúkọ wọn, wọ́n sì gbà kí n dárúkọ wọn. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí méjì nínú wọn. Mo sọ ìlà tí mo fẹ́ kí wọ́n tún kọ, kí "ó yẹ kó" di "gbọ́dọ̀". Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá ṣì kù lójú aago nígbà tí mo jókòó.

Lọ́yà yẹn tún wá bá mi nídìí tíì. Ó ní òun ò gbà pẹ̀lú mi rárá, pé owó tó máa ná àwọn oníbàárà òun ti pọ̀ jù. Ó wá yọ bírò, ó ní abala wo lẹ pè é ná?

Mo sọ fún un.